Ibi Tí Afẹ́fẹ́ Bá Gbà Wọ Amsterdam

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìbéèrè kan kò jẹ́ kí ọkàn mi sinmi. Àwọn tó ń múra láti lọ kàwé tàbí láti lọ ṣiṣẹ́ ní Amsterdam, olú-ìlú Nẹ́dálándì, ló sábà máa ń béèrè rẹ̀: “Oṣù wo gan-an ni òtútù ibẹ̀ máa ń parí?” Wọ́n á ti wo tábìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ti rí i pé oṣù Kìíní jẹ́ bíi 4°C, oṣù Keje jẹ́ bíi 18°C, àti pé kò sí oṣù tí òjò kì í rọ̀. Tábìlì náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá torí rẹ̀ di ẹrù á gbé aṣọ tí kò ní wúlò lọ, á sì gbàgbé èyí tó máa nílò sílé.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìmọ̀ tí a fi lè lóye ojú ọjọ́ ìlú yẹn ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́. Ọmọ Yorùbá kì í wo kàlẹ́ńdà kó tó mọ̀ pé ọyẹ́ ti dé. Ètè tó ń là àti ìkúùkù eruku tó bo òkè ló ń sọ fún un pé afẹ́fẹ́ kò ti apá òkun fẹ́ mọ́, aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀. Afẹ́fẹ́ gúúsù ìwọ̀-oòrùn ń gbé òjò wá láti orí omi, ti àríwá ìlà-oòrùn ń gbé ọ̀gbẹlẹ̀ wá láti orí ilẹ̀. Bọ́rọ̀ Amsterdam náà ṣe rí nìyẹn. Àmọ́ tiwa máa ń jókòó sójú kan fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó yí. Tiwọn lè yí láàárín wákàtí díẹ̀, nínú oṣù èyíkéyìí.

## Òkun ni aago ìlú náà

Amsterdam àti Warsaw, olú-ìlú Pólándì, fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà, bíi ìwọ̀n 52 sí àríwá agbedeméjì ayé. Bákan náà ni oòrùn ṣe ń ga lórí àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, ìpíndọ́gba oṣù Kìíní ní Warsaw wà nísàlẹ̀ 0°C, nígbà tó jẹ́ pé ti Amsterdam súnmọ́ 4°C. Tó bá di ìgbà ooru, Warsaw ló máa ń móoru jù. Òkun Àríwá, tí kò tó 30 kìlómítà sí àárín ìlú Amsterdam, ló fa ìyàtọ̀ yìí. Omi kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Etíkun Nẹ́dálándì máa ń tutù jù ní oṣù Kejì sí oṣù Kẹta, ní nǹkan bí 5°C. Oṣù Kẹjọ ló máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù, ní nǹkan bí 18°C. Oòrùn á ti dé góńgó rẹ̀ ní oṣù Kẹfà, òkun á fi oṣù méjì tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ìfàsẹ́yìn yìí ló fún òjò Amsterdam ní ìgbà tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò ní ìgbà kankan. Ní oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún, òkun ṣì tutù. Afẹ́fẹ́ tó bá ti orí rẹ̀ wá á tutù, á wúwo, kò ní lè gòkè di ìkúùkù, nítorí náà etíkun á máa rí oòrùn nígbà tí òjò ń pa àwọn ìlú tó wà nínú lọ́hùn-ún. Oṣù Kẹrin ló máa ń gbẹ jù, nǹkan bí 40 mm òjò. Láti oṣù Kẹjọ títí dé oṣù Kọkànlá, ọ̀rọ̀ yí padà: òkun ti gba ooru sínú, afẹ́fẹ́ tútù tó bá gba orí rẹ̀ kọjá á fa ọ̀rinrin mu, á gòkè, á sì tú u dà ní kété tó bá kan ilẹ̀. Nígbà yẹn, òjò oṣù kan lè tó ìlọ́po méjì ti oṣù Kẹrin.

Ká pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, òjò Amsterdam lé ní 800 mm lọ́dún. Ìbàdàn ń gbà ju 1,200 mm lọ. Kí ló wá dé tó jẹ́ Amsterdam ni gbogbo ayé ń pè ní ìlú òjò? Tiwa máa ń ṣú, á rọ̀ kíkankíkan, á sì dá. Tiwọn máa ń wẹ́ lọ́jọ́ púpọ̀: ọjọ́ tí òjò máa ń tó 1 mm lé ní 120 lọ́dún, àmọ́ tí a bá ka wákàtí, bíi 7 péré nínú 100 ni òjò fi ń rọ̀ ní Nẹ́dálándì. Òjò tó pọ̀ kọ́ ni ìyọnu níbẹ̀. Òjò tí ẹ kò mọ ìgbà tó máa já lù yín lórí kẹ̀kẹ́ ni ìyọnu.

Nítorí èyí ni àwọn ará ìlú kì í fi í jáde láìwo áàpù rédà òjò, irú bí Buienradar, tó ń fi òjò wákàtí méjì tó ń bọ̀ hàn. Ẹ wo ibi tí àlàfo wà láàárín òjò méjì, ẹ jáde nígbà yẹn, kí ẹ sì tún un wò kí ẹ tó padà. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ní Amsterdam, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ọrọọrún náà. Ẹ mọ ibi tí agbára rédà pin o: òjò tó ti ń rọ̀ ló ń rí, tó sì ń fojú inú tì síwájú. Lọ́sàn-án ìgbà ooru, nígbà tí ìkúùkù ààrá lè gbára jọ sókè orí yín láàárín ìdajì wákàtí, òjò lè dé kí rédà tó mọ̀.

## Oṣù Kejì ọdún 2021

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń pàṣẹ, kó wo ọ̀sẹ̀ méjì àárín oṣù Kejì ọdún 2021. Ìgbà òtútù yẹn ti ń lọ ní tirẹ̀: ọ̀rinrin, ìkúùkù, afẹ́fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn, kò sí ohun àrà. Afẹ́fẹ́ tó wúwo wá kóra jọ sókè lápá Scandinavia, ó sì ń ti òtútù orí ilẹ̀ láti ìlà-oòrùn bọ̀ lórí Nẹ́dálándì. Láti gúúsù, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin tó móoru díẹ̀ ń gun orí èyí tó tutù yẹn. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni òjò dídì ti bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lóru ọjọ́ 6 mọ́jú ọjọ́ 7, pẹ̀lú ẹ̀fúùfù líle. KNMI, àjọ tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní Nẹ́dálándì láti ọdún 1854, gbé àmì pupa, ìkìlọ̀ wọn tó ga jù, sókè fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Àwọn ọkọ̀ ojú irin ilé iṣẹ́ NS kò ṣiṣẹ́ rárá lọ́jọ́ Àìkú yẹn.

Òjò dídì dá, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò kúrò ní ìlà-oòrùn. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, oòrùn ń ràn, síbẹ̀ tẹ̀mómítà kò gòkè kọjá 0°C lójú ọ̀sán. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, omi Prinsengracht, ọ̀kan nínú àwọn odò tí wọ́n gbẹ́ yípo àárín ìlú, ti dì débi tí àwọn ènìyàn fi wọ bàtà onírin tí wọ́n ń yọ̀ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ yí sí gúúsù. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ń yọ̀ lórí omi tí tẹ̀mómítà fi kọjá 15°C, tí àwọn kan sì jókòó sí etí odò kan náà láìwọ kóòtù. Òkun kò yí padà, gíga oòrùn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ nìkan ló yí. Tábìlì tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì á ro ọ̀sẹ̀ méjèèjì pọ̀, á pín in sí dọ́gba, á sì kọ iye kan tí kò bá ìkankan nínú wọn mu.

Nípa omi dídì yẹn, ó yẹ kí n sọ díẹ̀, torí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣètò Elfstedentocht, eré orí omi dídì tó gba ìlú 11 kọjá ní Friesland ní àríwá Nẹ́dálándì, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200 kìlómítà, máa ń béèrè pé kó nípọn tó 15 sẹ̀ǹtímítà kí wọ́n tó gbà pé kí eré bẹ̀rẹ̀. Ìlú ńlá kì í rí ìyẹn bọ̀rọ̀. Lórí odò Amsterdam, abẹ́ afárá ló máa ń fẹ́lẹ́ jù, torí pé afárá ń dá ooru omi padà, òtútù òru kò sì fi bẹ́ẹ̀ ráàyè wọ ibẹ̀. Ibi tí pẹ́pẹ́yẹ bá ń lúwẹ̀ẹ́ sí kò ní dì dáadáa, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi tí ènìyàn ń gbé, àti ibi tí páìpù bá ti ń tú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ jáde. Bí òjò dídì bá bò ó mọ́lẹ̀, kò ní nípọn sí i kíákíá, nítorí òjò dídì ń dá ooru omi dúró sísàlẹ̀. Ó sì tún ń bo ihò mọ́lẹ̀, kí ojú má rí i. Ẹni tí kò mọ omi náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa gun orí rẹ̀.

Irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń ṣọ̀wọ́n. Ọdún 1909 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe Elfstedentocht. Ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 1997 ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn, ìyẹn ìgbà kẹẹ̀ẹ́dógún. Ìgbà ò lọ bí òréré. Ìpíndọ́gba ìwọ̀n ooru ọdún ní De Bilt, ibi tí KNMI ti ń wọn ojú ọjọ́, jẹ́ bíi 10.5°C fún ọdún 1991 sí 2020, ó sì fi ju ìwọ̀n 1 lọ ga ju ti ọdún 1961 sí 1990. Ọmọdé tí wọ́n bí ní Amsterdam lẹ́yìn ọdún 1997 ti di àgbà láìtíì rí eré tí àwọn òbí rẹ̀ ń fẹnu ròyìn, ohun tó sì ń ba àwọn ènìyàn ibẹ̀ nínú jẹ́ ni.

## Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ yí ló léwu jù

Àlejò máa ń bẹ̀rù ọjọ́ tó tutù jù. Mo rò pé ọjọ́ tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ ló yẹ kó bẹ̀rù. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá yí padà sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí ilẹ̀ ti dì, afẹ́fẹ́ tó móoru lókè á rọ òjò gidi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí òjò náà máa bọ́ sí ṣì wà nísàlẹ̀ 0°C. Bó ṣe ń kàn án ló ń di gíláàsì. Ojú kì í rí i. Títì á kàn dà bí èyí tó tutù lásán. Àwọn ará Nẹ́dálándì ń pè é ní ijzel. Ìlú máa ń da iyọ̀ sí títì àti sí ọ̀nà kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ nílò táyà ọkọ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́ kó tó yọ́ dáadáa, nítorí náà ọ̀nà ẹsẹ̀ àti òkè afárá kéékèèké ló máa ń yọ̀ pẹ́ jù. Bí tẹ̀mómítà bá fi 2°C hàn lẹ́yìn òtútù ọlọ́jọ́ mélòó kan, tí òjò sì ń wẹ́, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ títí di ọ̀sán.

Kí òtútù yẹn tó dé rárá, ẹnu ẹ̀rọ omi tó wà níta ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ ti omi rẹ̀ pa láti inú ilé, ẹ ṣí ẹnu rẹ̀ níta kí èyí tó kù nínú páìpù ṣàn jáde, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí títí ìgbà òtútù á fi kọjá. Omi tó bá dì máa ń wú ju bó ṣe wà lọ, òun ló ń fa páìpù ya. Ìgbà tó bá sì yọ́ tán ni ẹ máa tó mọ̀ pé ó ti ya.

Ti aṣọ ńkọ́? Ẹ̀fúùfù ni kí ẹ ra aṣọ fún, kì í ṣe ìwọ̀n ooru. Ní 5°C, tí ẹ̀fúùfù bá ń sáré 30 kìlómítà ní wákàtí kan, bíi 0°C ni ara á gbọ́ ọ. Ní 0°C pẹ̀lú ẹ̀fúùfù kan náà, á dà bí -6°C. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjú sí i tún ń fi eré tirẹ̀ kún un. Nítorí náà, kóòtù fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ àti òjò kò lè wọ̀, pẹ̀lú súwẹ́tà onírun àgùntàn lábẹ́ rẹ̀, sàn fíìfíì ju kóòtù ńlá kan tó nípọn tí omi ń wọ̀ lọ. Ẹ má fi aṣọ olówùú sún mọ́ ara lọ́jọ́ tí ẹ bá máa gun kẹ̀kẹ́: á mu òógùn, kò ní tètè gbẹ, ibi tí ẹ bá ti dúró ni òtútù á ti mú yín. Ẹ ra ṣòkòtò òjò. Agbòjò kò wúlò púpọ̀, ẹ̀fúùfù á yí i síta.

## Oòrùn tó ń tan ni jẹ, ooru tó ń pa ni

Oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún ni mo fẹ́ràn jù nínú ọdún Amsterdam, òun náà ló sì ń tan àlejò jẹ jù. Oòrùn oṣù Karùn-ún máa ń lé ní 200 wákàtí. Èso igi elm tó wà létí àwọn odò á máa fò kiri, á sì funfun balẹ̀ lójú títì. Ṣùgbọ́n òkun kò tíì gbóná. Ìlú lè wà ní 22°C kí Zandvoort, ìlú etíkun tó jẹ́ ìrìn nǹkan bí ìdajì wákàtí nínú ọkọ̀ ojú irin, wà ní 14°C. Nígbà mìíràn afẹ́fẹ́ tó móoru á kọjá lórí omi tútù náà, á di kùrukùru, á sì yí wọ etíkun láìròtẹ́lẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ooru á fi ìwọ̀n 10 já wálẹ̀. Ẹ mú súwẹ́tà lọ sétíkun títí di oṣù Kẹfà. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbin ata tàbí tòmátì sí bálíkónì, kó dúró kí ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún kọjá. Àwọn ọjọ́ 11 sí 14 oṣù náà ni àgbẹ̀ ibẹ̀ ń pè ní IJsheiligen, nítorí pé òru tí ojú ọ̀run bá mọ́, tí afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́, ṣì lè pa ọ̀gbìn títí di ìgbà náà.

Bí afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn tàbí ti gúúsù ìlà-oòrùn bá wá dúró ní oṣù Keje, apá ibẹ̀ kan náà tó mú òtútù wá ní oṣù Kejì á mú iná wá. Ilẹ̀ ti gbóná, kò sí òkun láàárín tó máa tù ú. Ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 2019 ni wọ́n wọn 40.7°C ní Gilze-Rijen ní gúúsù Nẹ́dálándì, ìgbà àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè náà kọjá 40°C. Àjọ ìṣirò wọn, CBS, ṣírò rẹ̀ pé àwọn tó kú lọ́sẹ̀ yẹn fi nǹkan bí 400 lé ní iye tó máa ń kú ní ọ̀sẹ̀ kan nígbà ooru. Ẹni tó ti Èkó tàbí Abẹ́òkúta wá lè rò pé ooru kò lè ṣe òun ní nǹkankan. Ilé wọn ni kó wò: wọ́n kọ́ ọ láti di ooru mú, fèrèsé rẹ̀ fẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, yàrá òkè lábẹ́ àjà sì lè gbóná jù láti sùn. Ẹ ti fèrèsé àti kọ́tìnì láti òwúrọ̀, kí oòrùn tó kan gíláàsì. Ẹ ṣí gbogbo rẹ̀ lóru nígbà tí ìta bá ti tutù ju inú lọ. Ọ̀pọ̀ ń ṣe òdìkejì, wọ́n ń ṣí fèrèsé lọ́sàn-án, ooru níta á sì rọ́ wọlé.

Ìlú fúnra rẹ̀ ń jìyà. Irin afárá tó ń ṣí fún ọkọ̀ ojú omi máa ń wú, kò sì ní lè padà sí àyè rẹ̀, nítorí náà àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fọ́n omi odò sí i lára kó lè tutù. Ọ̀gbẹlẹ̀ tún burú ju ooru lọ. Orí igi tí wọ́n gún sínú ilẹ̀ ni àwọn ilé àtijọ́ Amsterdam dúró lé. Níwọ̀n ìgbà tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá bo igi náà, kì í jẹrà. Bí omi bá fà sísàlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kan orí rẹ̀, olú á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ní Wilnis, tí kò jìnnà sí Amsterdam, ògiri ìdènà omi kan já ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2003 láìsí ìjì, láìsí òjò. Koríko tó jẹrà di ilẹ̀ láti ayébáyé ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ọ̀gbẹlẹ̀ fa omi inú rẹ̀ gbẹ, ó fúyẹ́, omi odò sì tì í kúrò láyè rẹ̀, ó ya wọ àdúgbò. Látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń rìn lórí irú ògiri bẹ́ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti wo ibi tó bá ń là.

Ìgbà ooru tún lè mú ìjì wá. Ìjì Poly, ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2023, fẹ́ dé 146 kìlómítà ní wákàtí kan ní IJmuiden, létí òkun. Ewé ṣì kún orí igi nígbà náà, ẹ̀fúùfù rí ohun dì mú, igi tó wó sì pọ̀ ju èyí tí irú ìjì bẹ́ẹ̀ ìbá wó nígbà tí ẹ̀ka bá wà ní ìhòòhò. Bí àmì ìkìlọ̀ KNMI bá di olómi ọsàn tàbí pupa, ẹ má gba abẹ́ igi etí odò kọjá.

## Òkùnkùn àti omi inú ilé

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, oòrùn máa ń yọ ní bíi aago 5:18, kò sì ní wọ̀ títí di 22:06. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, aago 8:48 ló máa yọ, á wọ̀ ní 16:28, ìkúùkù á sì bo ọ̀pọ̀ nínú àkókò yẹn. Gbogbo oòrùn oṣù náà kò ju bíi 60 wákàtí lọ. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, nígbà tí wọ́n bá dá aago padà, ni òkùnkùn máa ń ṣe bí ẹni já lu ènìyàn: ìrọ̀lẹ́ á fi wákàtí kan kúrú lójijì. Iná kẹ̀kẹ́, funfun níwájú, pupa lẹ́yìn, di dandan, ìtanràn sì wà fún ẹni tí kò bá ní.

Awọ dúdú nílò oòrùn púpọ̀ kó tó lè ṣe fítámìnì D, oòrùn ìgbà òtútù níbẹ̀ kò sì lágbára tó. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ ìlera wọn, Gezondheidsraad, fi ń gba àwọn aláwọ̀ dúdú níyànjú láti máa lo 10 máíkírógíráàmù rẹ̀ lójoojúmọ́, ọmọdé àti àgbà. Ẹni tó bá ti lé ní 70 ọdún, 20 ni tirẹ̀.

Èyí tí àwọn ènìyàn wa kì í fura sí ni omi inú ilé. Ọbẹ̀ tó ń hó, ìwẹ̀ omi gbígbóná, aṣọ tí a sá sórí ẹ̀rọ amúlé-móoru, èémí ènìyàn mẹ́rin lóru: gbogbo rẹ̀ ń di ọ̀rinrin nínú afẹ́fẹ́ tó móoru, á sì padà di omi lára gíláàsì àti ògiri tó tutù. Lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù àti ní igun yàrá, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í bu, dúdú á hù lára rẹ̀, ọmọdé á sì máa wúkọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn lẹ ihò afẹ́fẹ́ tó wà lókè fèrèsé pa nítorí òtútù. Ẹ jẹ́ kó wà ní ṣíṣí. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ ṣí fèrèsé méjì tó dojú kọra gbayawu fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ sì tún tì í. Afẹ́fẹ́ á pààrọ̀, ooru tó wà nínú ògiri kò sì ní tíì jáde tán. Ẹ fi àlàfo bí ìka mẹ́ta sílẹ̀ láàárín kọ́bọ́ọ̀dù àti ògiri tó kọjú síta. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin kò wọ́n. Tó bá ti ń fi ju 60 nínú 100 hàn lójoojúmọ́, ẹ yan yàrá kan ṣoṣo fún sísá aṣọ, ẹ ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ sì fi fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀ títí aṣọ á fi gbẹ.